Bébà Blésà Kejìlélógún

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹfà, 2025

Mo ra ìwé yìí ní Bọ́ládé nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ fún Màámi ní ìsọ̀, nítorí pé Dọ́kítà Àyànníyì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ níbi lẹ́sìnnì rẹ̀ ní òun ò sọ ohun tí òun sọ. Lánàá ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gíráàfù láti apá ọ̀tún. Lónìí ó ní, "Nafeesah, ta ló ní kí o máa ka gíráàfù bí ọmọ ilé-kéwú?" Láti òní lọ, ohun tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀, màá kọ ọ́ síbí pẹ̀lú déètì.

Gíráàfù blésà méjìdínlógójì ni mo fẹ́ kà, àwọn nǹkan ojú ọ̀run kan tí kò tíì ṣàlàyé fún mi. Màá gbé rúlà lé àmì, màá ka ọjọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ àti agbára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, màá kọ ọ́ sínú ìwé onílà. Àǹtí Tẹ́júọlá tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nísàlẹ̀ á wá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn nọ́ńbà gangan ti bá kọ̀ǹpútà Dọ́kítà lọ nígbà tí wọ́n jí i mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Àwòrán nìkan ló kù nínú í-meèlì rẹ̀.

Yunifásítì ní tó bá fi máa di 31 oṣù keje tí kò tíì fi ìwé oyè rẹ̀ sílẹ̀, àwọn máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ọdún kẹsàn-án rèé. Gbogbo Àgọ́ Palace ló ń pè é ní Dọ́kítà. Kò tíì jẹ́ dọ́kítà.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹfà

Òjò. Kẹ̀kẹ́ láti Òkè-Afá ti di irinwó náírà nítorí omi tó wà lójú títì. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò níbi mẹ́ta. Mo sọ fún un lọ́jọ́ Ajé, mo tún sọ lónìí. Ó ní òun ti gbọ́. Ó gbé ike sí ojú kan. Ojú méjì tó kù ńkọ́?

Blésà mẹ́rin ni mo parí.

Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹfà

Iléyá ni àná. Mo ń fọ ìfun àgbò lọ́wọ́ nígbà tí Dọ́kítà fi fóìsì nóòtì oníṣẹ́jú mọ́kànlá ránṣẹ́ sí mi. Kò kí wa kú ọdún títí ó fi parí.

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹfà

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Blésà kì í ṣe ìràwọ̀ kan. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà réré ni. Ihò dúdú ńlá wà láàárín rẹ̀ tó ń tú iná jáde bí omi ṣe ń tú jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì, àwa gan-an ni ẹnu họ́ọ̀sì náà sì kọjú sí. Díìṣì ńlá ni wọ́n fi ń gba rédíò tó ń ti ibẹ̀ wá. Agbára rédíò yẹn kì í dúró sójú kan, ó ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní inú họ́ọ̀sì náà ni ìdí ẹ̀ wà, pé ohun tó ń tú jáde ni kò ṣe déédéé. Dọ́kítà ní ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ó ní nǹkan tó wúwo ló ń kọjá láàárín àwa àti blésà, tí ìwúwo rẹ̀ ń tẹ ọ̀nà rédíò náà bí awò ojú ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Lẹ́ńsì tí ẹnikẹ́ni ò ṣe.

Mo bi í pé báwo lèèyàn ṣe máa mọ èyí tó jẹ́. Ó jọ pé kò retí ìbéèrè lẹ́nu mi. Ó ní lẹ́ńsì máa ń fi àwòrán U sílẹ̀ lórí gíráàfù. Bó ṣe wọlé náà ló ṣe máa jáde, apá òsì àti apá ọ̀tún á dọ́gba. Àti pé lẹ́ńsì kì í ṣojúsàájú. Ohun tó bá ṣe sí ìkànnì rédíò kan, ó gbọ́dọ̀ ṣe é sí ìkejì. Ìdí nìyẹn tí gíráàfù méjì fi wà lórí bébà kọ̀ọ̀kan, ìkànnì tí wọ́n ń pè ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lókè, èyí tí wọ́n ń pè ní mẹ́tàdínlógójì nísàlẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wá U kan ṣoṣo. Kì í ṣe òun ló sọ ìyẹn fún mi o. Àǹtí Tẹ́júọlá ló sọ ọ́ lórí àtẹ̀gùn.

Ajé, 16 oṣù kẹfà

Omi ti ń kán sórí blésà kejìlélógún láti òpin ọ̀sẹ̀. Bébà náà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ojú tí kò gbé ike sí ni. Mo kàn gbé bébà náà sókè kó rí i.

Ó lọ tẹ òmíràn nísàlẹ̀. Àǹtí Tẹ́júọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ́rẹ́ fa ìńkì sínú pírìńtà wọn, ìńkì olówó pọ́ọ́kú yẹn tó máa ń ṣá, tí kì í sì í tètè gbẹ. Mo ń gbọ́ wọn láti òkè.

"Dọ́kítà, ẹ jẹ́ kó gbẹ ná."

"Àwọn ọmọ NECO ń dúró dè mí."

"Ìńkì ò mọ NECO, sà."

Ó ṣẹ́ bébà náà po sí méjì gbọọrọ, ó fi há abíyá, ó gba inú òjò gun àtẹ̀gùn wá. Ó jù ú sórí tábìlì mi, ó sì wọlé lọ kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sìnnì rẹ̀. Bébà náà ti lẹ̀ mọ́ra. Mo rọra ṣí i.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹfà

Blésà kejìlélógún ń yọ mí lẹ́nu. Àwọn àmì kan dúdú, àwọn kan ṣá. Ìyẹn kì í ṣe tuntun, ìdajì ohun tí Àǹtí Tẹ́júọlá ń tẹ̀ ló máa ń ṣá. Àmì méjìdínláàádọ́rùn-ún ni mo kà lókè, iye kan náà nísàlẹ̀. Nínú ìkànnì kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà ò bá àwọn yòókù lọ, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún, wọ́n dá wà lókè bí àlejò tí wọn ò fún ní àga.

Mo fi pẹ́ńsù yí wọn ká, mo fi han Dọ́kítà. Ó ní kí n yọ wọ́n. "Òjò ló bọ́ sínú díìṣì lọ́jọ́ yẹn." Mo bi í bóyá ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lòjò rọ̀. Ó ní kí n yọ wọ́n.

Mo yọ wọ́n. Mo kọ ọ́ síbí pẹ̀lú déètì.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹfà

U ni.

Àǹtí Tẹ́júọlá tẹ àwọn nọ́ńbà náà tán ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Dọ́kítà ní kí kọ̀ǹpútà yà wọ́n. U lókè, U nísàlẹ̀. Àárín méjèèjì bọ́ sí 14 oṣù karùn-ún, 2017. Dọ́kítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó wá ibi jókòó sí láì wẹ̀yìn, ó jókòó sétí ike omi òjò, ike sì dojú dé. Kò bínú. Òun ló máa ń bínú tí kálámù bá bọ́ sílẹ̀.

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ nítorí pé mi ò sọ ọ́ jáde.

Ajé, 23 oṣù kẹfà

Ó fi gbogbo wákàtí Físíìsì sọ̀rọ̀ U fún àwọn ọmọ NECO. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ó máa jáde nínú ìdánwò. Ó ti sọ fún ẹni tó ń ta táìsì ilẹ̀ ilé, ó ti sọ fún lánlọ́ọ̀dù. Lánlọ́ọ̀dù bi í ìgbà tó máa tún òrùlé ṣe. Ó ní òrùlé lánlọ́ọ̀dù ni. Wọ́n fi ìyẹn ṣe ọ̀sán.

Ẹtì, 27 oṣù kẹfà

Màámi ní kí n wá bá òun jókòó sí ìsọ̀ kí àwọn tó ń ra sọ́ọ̀kì ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo ní mo níṣẹ́.

"Iṣẹ́ wo? Kí o máa ka àmì lórí bébà? Àmì yẹn ò ní tán ni?"

Mo ní a ti rí nǹkan. Mo ṣàlàyé lẹ́ńsì fún wọn, wọ́n sì fara balẹ̀ gbọ́. Wọ́n ní, "Nǹkan tó ń kọjá yẹn, ṣé ẹ rí i?"

Mo ní kò sẹ́ni tó lè rí i, ohun tó ṣe sí rédíò la rí.

Wọ́n ní, "Ó dáa," bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún kọ́sítọ́mà tí wọ́n mọ̀ pé kò ní rà.

Ọjọ́rú, 2 oṣù keje

Ọ̀gá Dọ́kítà ní yunifásítì ti dáhùn. Wọ́n ní orí kẹrin tó dá lórí U yìí ló máa gbé gbogbo ìwé náà, kó tètè fi tábìlì àwọn ọjọ́ àti agbára ránṣẹ́ láti fi sẹ́yìn ìwé. Dọ́kítà gbé iṣẹ́ tábìlì fún mi láì bi mí bóyá mo ráyè. Ó ní òun máa fi orúkọ mi sí ojú ìwé ìdúpẹ́.

Iná ò sí láti àárọ̀. Mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù keje

Mo ń to àwọn ọjọ́ sínú tábìlì. Láti 22 oṣù Kejìlá 2016 sí 5 oṣù Kìíní 2017, kò sí àmì kankan. Mo bi Dọ́kítà. Ó ní, "Kérésì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ díìṣì lọ sinmi."

Ó dáa. Ṣùgbọ́n láti 20 oṣù kẹsàn-án sí 4 oṣù kẹwàá 2017, kò sí àmì níbẹ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá níhìn-ín, ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ́hùn-ún. Mo ka ọjọ́ láti àárín U lọ sẹ́yìn, mo kà á lọ síwájú. 129 àti 143 sẹ́yìn. 129 àti 143 síwájú. Mo tún un kà nítorí pé ebi ń pa mí. Iye kan náà ni.

Kò sí Kérésì nínú oṣù kẹsàn-án. Lẹ́ńsì lè tẹ rédíò, kò lè tẹ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́.

Ẹtì, 4 oṣù keje

Mo dé ṣáájú rẹ̀. Mo gbé bébà náà sójú fèrèsé. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ ẹ po gba orí 14 oṣù karùn-ún kọjá, lókè àti nísàlẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ po padà bó ṣe wà lábẹ́ abíyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àmì bọ́ sórí àmì, gbogbo wọn pátá, títí kan àwọn mẹ́fà tí a yọ.

Ìńkì ni. Ìńkì tutù tẹ apá òsì sára apá ọ̀tún, èmi Nafeesah sì gbé rúlà lé ìdọ̀tí, mo kà á pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Àwọn tó ṣá lápá ọ̀tún kì í ṣe àmì. Àmì mẹ́ta péré ló dúdú níbẹ̀, àwọn nìkan ni díìṣì rí lóòótọ́, àwọn gan-an la sì yọ. Ìkànnì méjèèjì sì bára mu nítorí pé orí bébà kan náà ni wọ́n wà. Mo rí i pé wọ́n ṣá. Mo rí i lọ́jọ́ tí mo kà wọ́n, mo kọ ọ́ síbí, mo sì di ẹ̀bi ru pírìńtà, mo kọjá.

Mo dá bébà náà padà sórí tábìlì kó tó dé.

Ajé, 7 oṣù keje

Mo ní, "Sà, nípa blésà kejìlélógún."

Ó ní, "Blésà wa," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orí karùn-ún. Ó sọ ọ́ títí àwọn ọmọ NECO fi dé. Láti ọdún méjì tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, mi ò tíì parí gbólóhùn kan níwájú rẹ̀ rí.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù keje

Mo kọ ọ́ sórí bébà kékeré, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀. Ó gbé kọ́ọ̀bù lé e.

Àǹtí Tẹ́júọlá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tó o rí bí ẹni tó jí ẹran Iléyá?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n jókòó.

"Yé. Ìńkì mi?"

"Ìńkì yín, àǹtí."

"Mo sì ní kó jẹ́ kó gbẹ." Wọ́n mi orí fún ìgbà díẹ̀. "Sọ fún un kó tó jẹun. Tó bá ti yó, kò ní gbọ́. Má sì jẹ́ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi jáde o, mo ní kọ́sítọ́mà."

Ọjọ́rú, 9 oṣù keje

Mo sọ fún un kó tó jẹun.

Mi ò fi ẹnu bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ́ bébà náà po níwájú rẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé.

"Kí lò ń fi hàn mí?"

"Kérésì oṣù kẹsàn-án, sà."

Ó wò ó. Ó ní lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ dọ́gba, pé ìyẹn ló fà á tí òsì fi bá ọ̀tún mu. Mo ní ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ náà dọ́gba. Ó ní ó lè ṣèèṣì bọ́ síra. Mo ní àwọn mẹ́fà tí a yọ náà dọ́gba. Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àwòrán yẹn lórí fóònù yín."

Ó ṣí i. Ó fi ìka méjì fà á kó tóbi. Lápá ọ̀tún, àmì mẹ́ta péré, lókè téńté. Ó rántí nígbà náà pé àwọn ẹlòmíràn ló gba díìṣì náà lò láti àárín ọdún yẹn lọ.

Inú fóònù ni àwòrán náà wà ní gbogbo ìgbà tí à ń fi rúlà wọn bébà. Kò rò ó láti wò ó. Èmi náà ò rò ó. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni mo mọ̀. Mo ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ní, "Òní ti di Ọjọ́rú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wọlé lọ kọ́ àwọn ọmọ NECO, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà rárá.

Ẹtì, 11 oṣù keje

Kò wá. Àwọn ọmọ NECO bi mí. Mo ní ara rẹ̀ ò yá. Mo ṣe ìbéèrè márùn-ún pẹ̀lú wọn kí wọ́n má baà tú ká.

Ajé, 14 oṣù keje

Ó wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mi sọ ni pé ibo ni ike wà.

Ìṣẹ́gun, 15 oṣù keje

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ó jókòó sí tábìlì mi, kò wojú mi. Ó ní ọ̀gá òun ò ní béèrè bébà, tábìlì nìkan ni wọ́n béèrè. Ó ní, "Tá a bá dákẹ́ ńkọ́?"

Ó ń bi mí. Ọkùnrin tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Ẹlòmíràn á kọjú díìṣì sí blésà yẹn lọ́jọ́ kan, sà."

Ó ní, "Á pẹ́."

Mo ní, "Àwọn tó gba díìṣì lò lẹ́yìn yín ti wò ó, bóyá."

Nígbà tó yá ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ fún Àǹtí Tẹ́júọlá kó tẹ̀ ẹ́. Mo kà á lórí àtẹ̀gùn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùrànlọ́wọ́ òun, tí kò kàwé kọjá girama, ló ṣi àmì kà, àti pé òun fúnra òun ló tètè ṣàkíyèsí rẹ̀.

Mo gbé e padà gòkè.

"Mi ò lè gbé èyí fún wọn, sà."

"Kí ló dé?"

"Kì í ṣe bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo kà á ni?"

"Èmi ni mo kà á. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ́ ẹ po. Ẹ̀yin lẹ sì ní kí n yọ mẹ́ta tó jẹ́ òtítọ́. Ọjọ́ méjèèjì ni mo kọ sílẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. Mi ò gbójú kúrò. Ó ju kálámù sórí tábìlì. "Ó dáa. Ìwọ kọ ọ́."

Ọjọ́rú, 16 oṣù keje

Mo kọ ọ́. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, lórúkọ Dọ́kítà, kí n lè mọ ohun tí mò ń sọ. Bó ṣe lọ nìyí:

Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo orí kẹrin. Kò sí lẹ́ńsì níbẹ̀. Ní 16 oṣù kẹfà, mo ṣẹ́ bébà blésà kejìlélógún po nígbà tí ìńkì rẹ̀ ṣì tutù, ìńkì náà sì tẹ apá òsì sára apá ọ̀tún. Nafeesah tó ń bá mi ka àmì ka ìńkì yẹn mọ́ ti díìṣì. Àmì mẹ́ta tó jẹ́ òtítọ́ lápá ọ̀tún, èmi ni mo ní kó yọ wọ́n, nítorí pé wọn ò bá ohun tí mo fẹ́ rí mu. Òun ló rí àṣìṣe náà. Nínú blésà mẹ́tàdínlógójì tó kù, a ò rí U kankan. Ohun tí mo ní nìyẹn. Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún àkókò láti fi ìyẹn kọ ìwé náà.

Dọ́kítà kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní gbólóhùn pé èmi ni mo rí àṣìṣe náà kò pọn dandan. Mo ní ó pọn dandan. Àǹtí Tẹ́júọlá gbé ojú sókè láti ìdí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Kò ṣáà dárúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Dọ́kítà ní kí wọ́n pa "bẹ̀bẹ̀" rẹ́, kí wọ́n fi "béèrè" sí i. Wọ́n pa á rẹ́. Ó dúró lẹ́yìn wọn, ó tún un kà. Ó ní kí wọ́n dá "bẹ̀bẹ̀" padà.

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. "Nafeesah, kí ni orúkọ bàbá ẹ?"

Ọdún méjì. Mo ní, "Mùktárù, sà."

Ó ní kí Àǹtí Tẹ́júọlá yẹra díẹ̀. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ sábẹ́ orúkọ tirẹ̀, Nafeesah Mùktárù, ó sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.